Orí Keje: Nígbà Tí Ọmọ Ẹnu Ọmú Kò Tètè Wúwo

Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, ó wo káàdì, ó tún káàdì náà wò, ó wá ní, “Ìyá, ìwọ̀n ọmọ yìí ò gòkè tó bó ṣe yẹ o.” Ọ̀rọ̀ kékeré yìí máa ń já ìyálọ́mọ láyà gan-an. Nígbà tó bá fi máa délé, ìmọ̀ràn ti pọ̀ ju ìbéèrè lọ. Ìyá ọkọ á ní, “Ìyàwó mi, ṣé omi ọyàn rẹ tó sá? Lọ po ẹ̀kọ fún un.” Aládùúgbò á dárúkọ mílíìkì inú agolo. Ẹlòmíì á ní àgbo ló kù.

Gbogbo wọn ló fẹ́ràn ọmọ. Àmọ́ kò sí ẹnì kan nínú wọn tó tíì béèrè bí ọmọ ṣe ń mu ọmú, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Nínú orí yìí, a ó kọ́ bí a ṣe ń ka ìwọ̀n ọmọ, ohun tó máa ń fà á tí ìwọ̀n fi ń falẹ̀, àti ohun tí ìyá lè ṣe. Ìyá tó ń ṣàníyàn kò ya òmùgọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í rẹ́rìn-ín.

Bí ìwọ̀n ṣe ń lọ

Ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ni ìwọ̀n wọn máa ń kọ́kọ́ lọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún àkọ́kọ́, ìgbẹ́ dúdú tí wọ́n gbé wá láti inú ìyá á jáde, omi ara wọn náà á dín kù. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọ kan wọn kílò 3 lọ́jọ́ tí a bí i. Bó bá wọn kílò 2.8 ní ọjọ́ kẹrin, kò sí ìjáyà. Bí kò bá tó kílò 2.7 mọ́, ohun tó sọnù ti ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, ó yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera yẹ òun àti ìyá rẹ̀ wò lọ́jọ́ náà gan-an. Tó bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó yẹ kó ti padà sí kílò 3.

Láti ìgbà náà títí di oṣù kẹta, ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń fi nǹkan bíi gíráàmù 150 sí 200 kún ìwọ̀n wọn lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kẹta, eré náà á rọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ẹ̀rù máa ń bà nígbà yìí, nítorí ọmọ tó ń fò sókè lóṣooṣù wá ń rìn jẹ́jẹ́. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ọmọ tó ń dàgbà dáadáa máa ń ní ìlọ́po méjì ìwọ̀n tí a fi bí i láàárín oṣù karùn-ún sí ìkẹfà, á sì ní ìlọ́po mẹ́ta bó bá pé ọdún kan.

Nígbà kan rí, àwòrán ìdàgbàsókè tó wà lórí káàdì ìwọ̀n tí wọ́n ń lò káàkiri ayé, ara àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ wọn ń mu mílíìkì agolo ni wọ́n ti yà á. Ọmọ tó ń mu ọyàn máa ń tètè wúwo ní oṣù méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, á wá rọlẹ̀ ju ọmọ agolo lọ. Nítorí náà, àwòrán àtijọ́ yẹn máa ń fi ọmọ tó ń mu ọyàn hàn bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Ní ọdún 2006, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé àwòrán tuntun jáde, èyí tí wọ́n yà láti ara àwọn ọmọ tó mu ọyàn ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà: Bùràsíìlì, Gánà, Íńdíà, Nọ́wè, Oman àti Amẹ́ríkà. Bí káàdì tó wà lọ́wọ́ yín bá ti pẹ́ gan-an, ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì bóyá ti tuntun ni.

Nǹkan ìwúrí kan tún wà tó yẹ kí àwa ọmọ Yorùbá mọ̀ nípa káàdì yìí. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, dókítà òyìnbó kan, David Morley, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ní ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé tí kò jìnnà síbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ó ya káàdì kan tí a máa ń fi àmì ìwọ̀n ọmọ sí lóṣooṣù, ó sì ní kí ìyá ọmọ máa gbé e lọ sílé, kó má wà lábẹ́ ìkáwọ́ ilé ìwòsàn. Láti Ìmẹ̀sí-Ilé ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Àwọn ìyá tó kọ́kọ́ gbé e sọ́wọ́, ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n lè rí i bí ìlà bá ń gòkè tàbí tó bá dúró.

Ìlà yẹn ni kí ẹ máa wò. Ẹ má fi àmì ẹyọ kan dájọ́. Ẹ wo ọmọ méjì yìí:

Ọmọ àkọ́kọ́ wọn kílò 2.6 nígbà tí a bí i. Ní oṣù kejì ó wọn 4.6, ní oṣù kẹta 5.3, ní oṣù kẹrin 5.9.

Ọmọ kejì wọn kílò 3.8 nígbà tí a bí i. Ní oṣù kejì ó wọn 5.9, ní oṣù kẹta 6.1, ní oṣù kẹrin 6.1.

Ará àdúgbò á máa yin ọmọ kejì, wọ́n á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Wọ́n á máa káàánú ọmọ àkọ́kọ́ pé ó tín-ín-rín. Ṣùgbọ́n ìlà ọmọ àkọ́kọ́ kò yẹsẹ̀, kékeré ni wọ́n bí i, ìka ò sì dọ́gba. Ọmọ kejì ló yẹ ká gbé lọ síbi tí wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò, torí ìlà rẹ̀ ti dúró.

Ẹ tún kíyè sí òṣùwọ̀n. Òṣùwọ̀n ilé oògùn àti ti sẹ́ńtà ìlera lè fi gíráàmù 200 ju ara wọn lọ. Òṣùwọ̀n kan náà ni kí ẹ máa lò, kí ẹ sì bọ́ aṣọ àti ìlédìí lára ọmọ kí ẹ tó gbé e sí i.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ọyàn tó?

Ẹ wo ìtọ̀. Láti ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn ìbí, ọmọ tó ń mu ọyàn yó máa ń tọ̀ ní ìgbà mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọjọ́ kan, ìtọ̀ náà kì í sì í pọ́n rára. Ìgbẹ́ rẹ̀ á ti kúrò ní dúdú, á ti di ìyeyè tó ń ṣàn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó lè lo ọjọ́ mélòó kan kó tó yàgbẹ́, bó bá ṣáà ti rọ̀, kò burú.

Ọmú tó rọ̀ kò túmọ̀ sí pé omi ti gbẹ. Ó lè má jẹ́ ebi ló ń pa ọmọ tó ń ké nírọ̀lẹ́. Bí ẹ bá sì fún ọmú sínú ife tó jẹ́ díẹ̀ ló jáde, ìyẹn náà kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí ẹnu ọmọ mọ̀ ọ́n fà ju ọwọ́ lọ.

Ohun tó máa ń fà á

Bí ọmọ ṣe ń gbé ọmú sẹ́nu ló máa ń fa ìṣòro jù. Bí orí ọmú nìkan ló wà lẹ́nu rẹ̀, á fà á fún wákàtí kan, kò ní yó, orí ọmú ìyá á sì máa bó. Ẹ gbé ọmọ sún mọ́ra, kí ikùn rẹ̀ kan ara yín, kí orí àti ẹ̀yìn rẹ̀ gún régé. Ẹ fi orí ọmú kan ètè òkè rẹ̀. Ẹ ní sùúrù títí á fi la ẹnu gbàgà. Nígbà náà ni kí ẹ gbé ọmọ wá bá ọmú. Ẹ má tẹ̀ ba lórí ọmọ. Bó bá gbé e dáadáa, àgbọ̀n rẹ̀ á kan ọyàn, ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ á yí síta, ibi dúdú tó yí orí ọmú ká á sì hàn lókè ju ìsàlẹ̀ lọ. Á kọ́kọ́ fà á kíákíá, lẹ́yìn náà á máa fà á gígùn, á máa dúró díẹ̀, ẹ ó sì máa gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì. Bó bá ń dunni, ẹ rọra ti ìka kékeré bọ igun ẹnu rẹ̀, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Aago náà máa ń dá kún un. Àwọn kan ní kí ọmọ máa mu ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Ọmọ tuntun nílò ọmú ní ìgbà mẹ́jọ sí méjìlá láàárín ọ̀sán àti òru. Ara ìyá ń pèsè omi ọyàn gẹ́gẹ́ bí ọmọ bá ṣe ń mu ún tó; bí ọmú bá kún tí kò sẹ́ni tó mu ún, ara á dín in kù. Mímu òru wúlò púpọ̀ nítorí pé òru ni ohun tó ń mú omi ọyàn wá máa ń pọ̀ jù nínú ara. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mu ọmú kan títí á fi fi í sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ẹ tó fún un ní èkejì, torí pé bí ọmú ṣe ń gbẹ lọ ni ọ̀rá inú omi ọyàn ń pọ̀ sí i.

Omi lásán, omi gulukóòsì àti àgbo wá ńkọ́? Wọ́n ń gba àyè nínú ikùn tí kò tóbi, wọn kò sì ní ohun tó ń mú ọmọ dàgbà. Mi ò bá àwọn ìyá àgbà jà, ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n nínú gíráàmù 100 omi ọyàn, nǹkan bí 87 ló jẹ́ omi, ó sì tó fún ọmọ nínú ooru wa pàápàá títí á fi pé oṣù mẹ́fà. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018 fi hàn pé ìdá 29 péré nínú 100 àwọn ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ló ń mu ọyàn nìkan. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ọ̀pọ̀ ìyá tó rò pé omi ọyàn òun kò tó, omi inú ife ló gba àyè rẹ̀.

Nígbà míì, ọwọ́ ìyá kọ́ ni ó wà. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé lè máa sùn sídìí ọmú. Iṣan abẹ́ ahọ́n lè kúrú, òkè ẹnu lè là, àìsàn ọkàn lè mú kí ọmọ máa làágùn kó sì máa mí hẹlẹhẹlẹ bó bá ń mu ọmú. Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ tó dà nígbà ìbí tàbí oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí kan lè dín omi ọyàn kù. Òṣìṣẹ́ ìlera ló lè wá irú ìdí bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tí ẹ lè ṣe

Ẹ gbé ọmọ sáyà, ara sí ara. Ẹ jí i bó bá ti sùn ju wákàtí mẹ́ta lọ, kí ẹ fún un lọ́mú. Lẹ́yìn tó bá mu tán, ẹ fi ọwọ́ tó mọ́ fún èyí tó kù sínú ife tí ẹ ti bọ̀, kí ẹ sì fi ife náà fún un díẹ̀díẹ̀. Ìyá náà gbọ́dọ̀ jẹun: ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja, ẹyin, ohunkóhun tí agbára bá ká, kó sì mu omi bí òùngbẹ bá ṣe gbẹ ẹ́. Ẹ̀kọ gbígbóná dára. Àwọn kan ní ẹmu ń mú omi ọyàn wá, ṣùgbọ́n ọtí kì í jẹ́ kó jáde bó ṣe yẹ. Baba ọmọ ló yẹ kó pọnmi, kó fọ ìlédìí, kó sì máa dá àwọn àlejò tó ń bẹnu àtẹ́ lu ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ kan, gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì bá ṣe sọ, ẹ gbé ọmọ padà sórí òṣùwọ̀n kan náà.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá kọ ọmú, tí kò ṣeé jí, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tó tutù nini, tó ń mí kíákíá, tí gìrì mú un, tí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, tí àwùjẹ̀ rẹ̀ jìn wọnú tàbí tí kò tọ̀ mọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ ìwọ̀n. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà bó jẹ́ òru.

Àwọn ọmọ kan wà tí wọn yóò nílò àfikún lóòótọ́. Bí dókítà bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ gbà á láìtijú. Omi ọyàn tí ẹ fún sínú ife ni kó ṣáájú. Bó bá di mílíìkì, ẹ béèrè iye ṣíbí sí iye omi, ẹ má bu omi là á láti mú kí agolo pẹ́, ife ni kí ẹ fi fún un dípò fídà, kí ọmọ sì kọ́kọ́ mu ọmú ní gbogbo ìgbà. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, tí wọ́n sì rọra yọ àfikún náà kúrò.