Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà

Àwọn àgbà tí wọ́n wí pé igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó, kò fi ẹsẹ̀ kan ilé-ìwé rí, síbẹ̀ ohun tí wọ́n fi ìlà kan sọ yìí ni àwọn ìjọba ń fi odidi ìwé ṣàlàyé lónìí nípa àwọn akàndá ọmọ: kí a tètè fojú sí ọmọ, kí a má sì dúró di ọjọ́ tí yóò fìdí rẹmi nínú ìdánwò kí a tó bi ara wa pé, ǹjẹ́ ó ń gbọ́ràn, ǹjẹ́ ó ń rí ojú pátákó?

Ní Vom níbí, lórí òkè Jos tí òtútù rẹ̀ kò mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé, láti 1924 ni àwọn oníṣègùn ẹran ti ń ṣe ìwádìí, ẹni tí ó bá sì bá wọn gbé mọ̀ pé wọn kì í dúró kí màlúù ṣubú kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. N kò fi ọmọ ènìyàn wé ẹran o. Baba tí ó mọ iye ìgbà tí màlúù wúkọ́ lóru, tí kò sì mọ̀ pé etí òsì ọmọ òun ti di láti èṣí, òun ni mo ń bá wí.

Ọmọ Yorùbá tí a bí sí ìlú yìí a máa sọ èdè wa nínú ilé, a máa ná ọjà ní Haúsá, a sì máa gbọ́ Bẹ̀rọ̀m lẹ́nu àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣeré. Bí ó bá wá dé kíláàsì, Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò dà lé e lórí. Bí ó bá dákẹ́, ta ni yóò sọ bóyá adití ni, tàbí pé ó ń dúró kí ọ̀rọ̀ yé òun? Òfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 2014 sọ ọ́ gbangba pé kí a má tìtorí pé èdè ilé ọmọ yàtọ̀ sí èdè ilé-ìwé nìkan kà á sí ẹni tí ẹ̀kọ́ nira fún. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi Yorùbá bi í. Bí ó bá dáhùn geere, èdè ni ẹrù rẹ̀. Bí ó bá ń ṣọ́ ètè yín kí ó tó fèsì, tàbí tí kò fèsì ní èdè kankan, ọ̀dọ̀ oníṣègùn ni ó kàn.

Àwọn baba wa ń pe afín, abuké àti arọ ní ẹni òrìṣà, nítorí wọ́n gbà pé ọwọ́ Ọbàtálá, alámọ̀ rere, ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Àwa ọmọ wọn wá ń ti ọmọ mọ́ yàrá bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn!

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Láti 1953 ni ilé-ìwé afọ́jú ti wà ní Gindiri, ní ìpínlẹ̀ wa yìí, níbi tí ìka ti ń ṣe iṣẹ́ ojú lórí ìwé; ọmọ mìíràn, ọwọ́ ni yóò fi sọ̀rọ̀; ẹlòmíràn kò fẹ́ ju kí tíṣà gbé e wá sí ìjókòó iwájú, kí ó sì kọjú sí i nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe kí ó máa bá pátákó sọ ọ́.

Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2018, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019, fún akàndá ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé òpin ilé-ìwé girama, ó sì pàṣẹ pé kí ilé-ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tí a kọ́ bí a ṣe ń kọ́ akàndá lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ń kọ́ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀yọ́, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Yunifásítì Jos tí ó wà nítòsí wa. Ṣùgbọ́n òfin kì í fẹsẹ̀ rìn wọlé ẹni. Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ fi oṣù kan kọ ohun tí ẹ rí lára ọmọ sínú rẹ̀, ẹ mú un tọ ọ̀gá ilé-ìwé lọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì bi í pé ta ni olùkọ́ tí òfin wí yẹn. Bí ó bá ní kò tíì sí, ẹ kọ ìyẹn náà sínú ìwé, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí ẹ óò padà wá.