Ẹ Yẹ Ọkọ̀ Wò Kí Ẹ Tó Rà Á

Ní ayé àtijọ́, àwọn oníṣòwò Rẹ́mọ a máa gba Ìkòròdú lọ sí Èkó, wọn a sì wọ ọkọ̀ ojú omi la ọ̀sà kọjá. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ ra ọkọ̀ onípákó àlòkù tí a ti pa tì ní etí ọ̀sà, kí ó má ṣe jẹ́ kí owó pọ́ọ́kú tan òun jẹ.

Ẹ kọ́kọ́ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ gún pákó ìsàlẹ̀ àti ibi tí ìṣó wà. Bí ọ̀bẹ bá wọ inú rẹ̀ wẹ́rẹ́, igi ti jẹrà. Ẹ wá ihò wẹ́wẹ́ pẹ̀lú: ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a máa wọ inú ọ̀sà Èkó, kòkòrò inú omi oníyọ̀ a sì máa jẹ inú igi di kòròfo nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń dán. Ọ̀dà tuntun kì í ṣe ẹ̀rí. Ó lè jẹ́ ìbòjú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ náà sùn sínú omi. Pákó gbígbẹ yóò kọ́kọ́ jò kí ó tó wú. Ṣùgbọ́n bí jíjò náà kò bá dínkù lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ẹ padà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ṣírò owó àtúnṣe mọ́ owó ọkọ̀, kí ẹ sì wádìí ẹni tí ó ni ín gan-an.

Bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun rẹ̀. Ẹ rántí pé kì í ṣe ẹrù nìkan ni ọkọ̀ ń gbé. Ẹ̀mí ọmọ ẹlòmíràn ń bẹ nínú rẹ̀.