Kọ Ohun Tó Ṣẹlẹ̀, Má Kọ Èébú

LẸ́TÀ: Ìyá wa, télọ̀ ni mí l'Óṣogbo. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, mo kọ ìwà mẹ́wàá tó wù mí láti máa hù sínú ìwé kan: òtítọ́, sùúrù, ìmọ́tótó àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Alaalẹ́ ni mò ń kọ bí mo ṣe ṣe sí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí i báyìí, "òpùrọ́ ni mí", "oníbìínú ni mí" ló kún ibẹ̀. Ó ti sú mi. Ṣé kí n dáná sun ún?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, má sun ún. Ẹni tó ṣiṣẹ́ dalẹ́, tó tún jókòó wádìí ìwà ara rẹ̀ kó tó sùn, ọmọlúàbí ń bẹ nínú rẹ̀, inú mi sì dùn sí ọ gidigidi. Ohun tó ń dà ọ́ láàmú ni pé o ń dá ẹjọ́ tí o kò gbọ́. O kọ "òpùrọ́ ni mí", o pa ìwé dé. Irọ́ wo? Ta lo pa á fún? Kí ló fà á?

Jẹ́ ká mú iṣẹ́ rẹ wò. Ká ní ìyá kan gbé aṣọ ẹbí wá lọ́jọ́ Ajé, ó ní ọjọ́ Jímọ̀ lòun fẹ́ ẹ. O mọ̀ pé ọ̀pọ̀ aṣọ ṣì wà nílẹ̀ tí o kò tíì gé, síbẹ̀ o ní, "Kò sí wàhálà, màmá," o sì gba àsansílẹ̀. Nígbà tó dé lọ́jọ́ Jímọ̀, aṣọ ṣì wà nínú ọ̀rá, o ní iná ọba ni kò sí. Kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí: iye aṣọ tó wà nílẹ̀, ohun tí ìyá náà sọ, ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù. Bóyá ẹ̀rù ń bà ọ́ pé yóò gbé aṣọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ télọ̀ mìíràn. Nígbà tí o bá ka irú rẹ̀ mélòó kan, wàá rí i pé ọjọ́ Ajé ni irọ́ ọjọ́ Jímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí o ti tún un ṣe. Sọ ọjọ́ tí ọwọ́ rẹ lè ká. Ẹlòmíràn yóò gbé aṣọ rẹ̀ lọ. Jẹ́ kó lọ.

Mẹ́wàá yẹn náà ti pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan. Benjamin Franklin, atẹ̀wé ará Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ka mẹ́tàlá sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló ń gbájú mọ́ lọ́sẹ̀ kan. Ó fa ìlà ọjọ́ méje sójú ewé, a sì máa to àmì dúdú síbi tó bá ti kùnà. Bó bá dalẹ́, rere tó ṣe lọ́jọ́ náà ló ń bi ara rẹ̀ léèrè. Ìwọ náà, máa kọ tìrẹ sílẹ̀. Lọ́dún 1784, nígbà tó ti pé ẹni ọdún 78, Franklin kọ ọ́ pé nínú ìwà mẹ́tàlá náà, fífi nǹkan sí àyè rẹ̀ ló nira fún òun jù.

Méjìlá ni ìwà tó kọ́kọ́ kọ o. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ ẹlẹ́sìn Quaker ló sọ fún un pé agbéraga làwọn èèyàn ń pè é, ló bá fi ìrẹ̀lẹ̀ kún un. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Bi ìyàwó rẹ, bi ọmọ iṣẹ́ rẹ tó dàgbà jù, kí o sì gbọ́ wọn dópin láìjanpata.

Nílẹ̀ wa níbí, Olóyè Akínpẹ̀lú Ọbísẹ̀san ti Ìbàdàn kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwé náà wà ní ilé ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn. Kò fi gbèsè àti ìnira rẹ̀ pamọ́ síbẹ̀, ohun tí mo sì fẹ́ràn níbẹ̀ nìyẹn.

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ àdéhùn nìkan ni kí o máa kọ. Fi ìbínú sílẹ̀ ná. Ti ìwé náà mọ́ inú dúrọ́ọ̀ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ má baà kà á, nítorí bí o bá mọ̀ pé wọn yóò kà á, o kò ní kọ òótọ́.