Àpótí Ìmọ̀: Nígbà tí Epo Kò Tó Afẹ́fẹ́

Kí gíráàmù 1 epo pẹtiróòlù tó jó tán, ó nílò bíi gíráàmù 14.7 afẹ́fẹ́. Bí epo bá dín púpọ̀ sí èyí, ẹ́ńjìnnì á máa gbóná jù, agbára rẹ̀ á sì dínkù.

Àpẹẹrẹ: Wọ́n fi asẹ́ tó ń gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí ọ̀kadà kan, wọn ò sì pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀ (ihò kékeré tí epo ń gbà kọjá). Kò lè gun òkè mọ́. Láti mọ ohun tó fà á, fa ṣóòkù díẹ̀. Bó bá ta gìrì, epo ni kò tó. Tú púlọ́ọ̀gì wò: àwọ̀ funfun ń jẹ́rìí sí i, dúdú ń sọ pé epo pọ̀ jù. (Kọ́kọ́ rí i pé ìdọ̀tí kò dí ọ̀nà epo o!) Jẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ díẹ̀ ni àtúnṣe rẹ̀.