Ẹ Jẹ́ Kí Afẹ́fẹ́ Bá Yín Mú Bọ́ọ̀lù Balẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń gbá tẹ́ńìsì orí tábìlì, mo rí i pé agbára ni púpọ̀ nínú yín gbójú lé. Agbára dára, ṣùgbọ́n tábìlì wa kò gùn ju mítà 2.74 lọ. Ẹni tó bá kàn ń lu bọ́ọ̀lù kíkankíkan, ìta ni yóò máa gbá a sí. Ẹ máa yí i.

Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, kí báàtì ti ẹ̀gbẹ́ itan gbéra, kí rọ́bà nu ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù lọ sókè, kí ọwọ́ sì parí sí ọ̀kánkán iwájú orí. Bọ́ọ̀lù náà á máa yí síwájú bó ṣe ń fò lọ. Bó ṣe ń yí, ó ń da afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, afẹ́fẹ́ náà á sì tì í wálẹ̀. Orúkọ Magnus, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì, ni wọ́n fi ń pe agbára yìí. Gíráàmù 2.7 péré ni bọ́ọ̀lù wa, nígbà tí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ju 400 lọ, nítorí náà afẹ́fẹ́ rí tiwa darí dáadáa.

Ẹ wo Quadri Aruna, ọmọ Ọ̀yọ́. Ní Rio lọ́dún 2016, ó na Timo Boll ti Jámánì, ó sì di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó wọ àwọn mẹ́jọ ìkẹyìn nínú ìdíje ẹlẹ́nì kọ̀ọ̀kan Òlíḿpíìkì. Apá ọ̀tún rẹ̀ le lóòótọ́, àmọ́ yíyí tó ń yí bọ́ọ̀lù ló ń jẹ́ kí agbára náà já sórí tábìlì.

Bó bá kan gbígba bọ́ọ̀lù, ojú lọ̀rọ̀ wà. Òfin ní kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ayò ju bọ́ọ̀lù sókè tó sẹ̀ǹtímítà 16, kó má sì fi ara bò ó mọ́ yín lójú. Ẹ̀tọ́ yín ni, ẹ lò ó. Ẹ wò ó bóyá báàtì rẹ̀ gòkè, àbí ó gé bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀. Ẹ wo àmì tí wọ́n tẹ̀ sára bọ́ọ̀lù: bí ẹ bá rí i kedere, kò fi bẹ́ẹ̀ yí, bó bá ṣe bàìbàì, ó ń yí gan-an. Èyí tó ń yí síwájú máa ń ta sókè lára báàtì, ẹ dojú báàtì dé e. Èyí tí wọ́n gé nísàlẹ̀ máa ń já sínú nẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣí báàtì, kí ẹ gbé e sókè.

Ẹ máa nu rọ́bà yín kí ẹ tó gbá, nítorí rọ́bà tí eruku bò kò lè di bọ́ọ̀lù mú. Kí ẹ tó máa wá agbára kún agbára, ẹ fi yíyí bọ́ọ̀lù kọ́ apá yín lójoojúmọ́, títí yóò fi mọ́ ọn lára.