Ẹ̀rọ Tó Ń Wá Ẹja Lábẹ́ Omi: Ẹ Wo Òwò Yín Kí Ẹ Tó Rà Á

Láti ayé àwọn bàbá wa, ọ̀pá gígùn àti okùn tí wọ́n so òkúta mọ́ ni apẹja fi ń mọ bí omi ṣe jìn tó. Lóde òní, ẹ̀rọ kékeré kan tó ní ojú bíi ti tẹlifíṣọ̀n lè sọ bí omi ṣe jìn tó, ó lè fi kùkùté igi tó wà nísàlẹ̀ hàn, ó sì lè fi ibi tí ẹja kó jọ sí hàn pẹ̀lú. Fish finder ni àwọn òyìnbó ń pè é, sonar sì ni orúkọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣe é. Nínú ẹ̀kọ́ tòní, ẹ̀rọ awáẹja ni a ó máa pè é.

Owó ló mú kí a gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sójú ìwé òwò. Nílùú Olúyọ̀lé yìí, àwọn apẹja wà lórí adágún Ẹlẹ́yẹlé, èyí tí ìjọba sé odò Ọ̀nà láti fi ṣe ní 1942. Àwọn mìíràn wà ní Aṣéjìrẹ, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja wà tí wọ́n ń fi owó ran apẹja lọ́wọ́ kí ó lè máa já ẹja fún wọn. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ní Dùgbẹ̀ náà wà, tí wọ́n ń wá ọjà tuntun tí wọn yóò kó wọlé. Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wọn, nítorí pé oríṣiríṣi ẹ̀rọ awáẹja ló wà lọ́jà, iye owó wọn sì jìnnà síra gan-an. Ní Amẹ́ríkà, ènìyàn lè fi nǹkan bíi 100 dọ́là ra èyí tó kéré jù. Èyí tó lágbára jù ń gbà ju 1,000 dọ́là lọ, láìtíì ra ojú tí wọn yóò máa wò. Ẹni tó bá ra èyí tí kò bá omi rẹ̀ àti òwò rẹ̀ mu, inú omi ló sọ owó rẹ̀ sí.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ̀rọ náà ní apá méjì. Ojú tí a ń wò wà nínú ọkọ̀. Apá kejì, tí wọ́n ń pè ní transducer, wà nínú omi. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní etí ẹ̀rọ, nítorí pé òun ló ń pariwo sínú omi, òun náà ló sì ń gbọ́ ìró tó bá padà wá. Nínú omi, ohùn ń rìn tó nǹkan bíi 1,500 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí omi bá jìn ní mítà 3, ohùn náà yóò lọ, yóò sì padà, kí ìdá 4 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá tó pé. Àkókò yìí ni ẹ̀rọ fi ń ṣírò jíjìn omi. Àpò afẹ́fẹ́ tó wà nínú ẹja ló sábà máa ń dá ohùn padà jù, òun ló fi ń hàn lójú ẹ̀rọ.

Ilé iṣẹ́ Furuno ní ilẹ̀ Japan ló kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀rọ yìí jáde fún òwò ẹja pípa, ní 1948. Nígbà tó di 1957, Lowrance ṣe kékeré tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja. Láti ìgbà náà, ẹni tó ń fi ìwọ̀ wá ẹja tí wọ́n ń pè ní bass ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ń ro tí wọ́n bá ń ṣe ẹ̀rọ tuntun. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ẹja kan ṣoṣo ni ẹni náà dojú ìwọ̀ kọ, ó sì lè jẹ́ pé ìdíje tàbí fàájì ló bá dé orí omi. Ní tiwa, àwọ̀n àti ìgèrè ni ọ̀pọ̀ apẹja ń lò, ọjà ni ẹja náà sì ń lọ. Ohun tó dára fún òwò tiwọn lè máà dára fún òwò tiwa.

Oríṣi márùn-ún tó wà lọ́jà

Èkíní ni èyí tó ń wo ìsàlẹ̀ nìkan, tí ohùn rẹ̀ ń fẹ̀ bíi iná tọ́ọ̀ṣì tí a tàn sísàlẹ̀. Òun ló wọ́n níwọ̀nba jù, kì í sì jẹ báńtìrì púpọ̀. Ó ń sọ jíjìn omi, ó sì ń jẹ́ kí a mọ̀ bóyá ilẹ̀ ìsàlẹ̀ le tàbí ẹrẹ̀ ni. Ẹja ń hàn lójú rẹ̀ bíi òṣùpá tó tẹ̀. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé tọ́ọ̀ṣì kì í fẹ̀ níbi tí kò jìn. Bí ohùn bá fẹ̀ ní digírì 20, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀ ní 200 kHz, ibi tí ẹ̀rọ ń rí kò ju mítà 1 lọ níbùú nínú omi mítà 3. Bí ó bá fẹ̀ ní digírì 60, yóò rí nǹkan bíi mítà 3 àti ààbọ̀. Nítorí náà, fún omi tí kò jìn, èyí tí ohùn rẹ̀ fẹ̀ ni kí ẹ béèrè.

Èkejì ni èyí tó ń ya ìsàlẹ̀ omi bíi fọ́tò. Down imaging ni wọ́n ń pè é. Ohùn rẹ̀ ga, ó máa ń tó 455 kHz tàbí 800 kHz, ìdí nìyí tí kùkùté fi ń hàn bíi kùkùté, tí ẹ̀ka igi sì ń hàn bíi ẹ̀ka. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa rìn kí fọ́tò náà tó lè mọ́.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó ń wo ọ̀tún àti òsì, ìyẹn side imaging. Humminbird ló gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn apẹja lásán ní 2005. Ó lè wo 30 mítà lápá kọ̀ọ̀kan, kódà nínú omi tí kò jìn. Òun ló yára jù láti fi mọ gbogbo ilẹ̀ adágún. Ó ń fẹ́ ìrìn díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà kan tó gún, èyí tí àjẹ̀ sì lè ṣe dáadáa.

Ẹ̀kẹrin ni èyí tó ń wo iwájú, tó ń fi ẹja hàn bó ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ lójú ẹsẹ̀ bíi fíìmù. LiveScope tí Garmin gbé jáde ní 2018 ló sọ ọ́ di ìlú mọ̀-ọ́n-ká. Agbára rẹ̀ pọ̀ débi pé ní 2025, Major League Fishing ní Amẹ́ríkà dín lílò rẹ̀ kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ ìdíje nínú ìdíje wọn tó ga jù. Owó rẹ̀ ga, ó sì ń jẹ báńtìrì gan-an.

Ẹ̀karùn-ún ni bọ́ọ̀lù kékeré tí a ń jù sínú omi, tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ lè lò ó láti etí omi. Kì í lè ránṣẹ́ jìnnà, ṣùgbọ́n ó tó láti fi mọ jíjìn adágún kékeré.

Èwo wá ló yẹ?

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tó ń dẹ àwọ̀n kò nílò kí ó rí ẹja kan ṣoṣo tó ń kọjá níwájú ọkọ̀, nítorí pé àwọ̀n rẹ̀ yóò wà níbẹ̀ mọ́jú. Ohun tó nílò ni kí ó mọ ibi tí ipa odò àtijọ́ gbà, ibi tí omi ti jìn, àti ibi tí igi tí omi bò mọ́lẹ̀ wà, kí àwọ̀n rẹ̀ má baà ya. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, èkíní tí wọ́n fi èkejì kún, tó sì lè fi sátẹ́láìtì sàmì sí ibi tí ọkọ̀ wà, ti tó. Kò nídìí láti ra ẹ̀kẹrin.

Ẹgbẹ́ apẹja lè ra ẹ̀kẹta kan ṣoṣo, kí wọ́n fi yí adágún ká lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn àti lákòókò òjò, kí wọ́n sì sàmì sí ibi gbogbo. Lẹ́yìn náà, ẹnikẹ́ni nínú wọn lè lo ìmọ̀ yẹn láìgbé ẹ̀rọ lọ sómi. Ọ̀dọ́ tó bá ní ẹ̀rọ náà tún lè sọ yíyàwòrán ilẹ̀ adágún di iṣẹ́ tí yóò máa gba owó lé. Ṣùgbọ́n kí wọ́n máa tún un ṣe, nítorí pé àgbàrá ń kó ẹrẹ̀ àti iyanrìn wọ adágún. Ẹni tó bá rántí omíyalé ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 ní Ìbàdàn mọ ohun tí odò lè gbé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin àrọ̀ ní kòtò tàbí ní táǹkì, ẹ má ṣe ra ìkankan nínú wọn. Omi yín kò jìn, ògiri wà nítòsí, ohùn yóò kàn máa gbá kiri ni. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ka ẹja sínú rẹ̀. Oúnjẹ ẹja àti àyẹ̀wò omi ni kí owó yín lọ sí.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò owó rẹ̀

Àpẹẹrẹ lásán ni èyí, kì í ṣe iye ọjà. Ká ní ẹ̀rọ kan jẹ́ 240,000 náírà, tó sì fi 1,200 náírà kún èrè yín lójoojúmọ́ tí ẹ bá lọ sómi. Ọjọ́ 200 ni owó náà yóò fi padà. Bí ẹ bá ń lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 50 nìyẹn. Bí àwọn mẹ́fà bá dá a rà, 40,000 náírà ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ra èyí tó jẹ́ 2,400,000 náírà, tí èrè tó ń mú wá kò sì yàtọ̀, ó ju ọdún 9 lọ kí owó yín tó padà. Ẹ̀rọ náà lè ti bàjẹ́ kó tó di ìgbà yẹn. Nítorí pé dọ́là ni wọ́n fi ń ra ẹ̀rọ wọ̀nyí lókè òkun, ẹ béèrè iye dọ́là ní ọjọ́ tí ẹ fẹ́ rà á kí ẹ tó ṣe ìṣirò.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ kíyè sí lọ́jà

Ẹ má ṣe sanwó lé máàpù adágún Amẹ́ríkà tí wọ́n kó sínú ẹ̀rọ. Kò wúlò ní Aṣéjìrẹ. Èyí tó ń jẹ́ kí ẹ ya máàpù tiyín ni kí ẹ rà. Garmin ń pe tirẹ̀ ní Quickdraw, Humminbird ń pe tirẹ̀ ní AutoChart Live.

Ẹ má ṣe gba àwòrán ẹja kékeré tí ẹ̀rọ ń fi hàn gbọ́ pátápátá. Ewé, ìfófòó omi àti ẹ̀ka igi lè di ẹja lójú rẹ̀. Kò sì lè sọ bóyá àrọ̀ ni tàbí epìyà.

Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ pákó, ẹ má ṣe lẹ etí ẹ̀rọ mọ́ inú rẹ̀, nítorí pé ohùn kì í gba inú pákó kọjá dáadáa. Ẹ so ó mọ́ ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kí ó wọ inú omi tán. Ojúoró àti òṣíbàtà tó bá bo ojú omi náà lè dí i lọ́wọ́, ẹ yẹra fún ibẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn: ẹ má ṣe dán an wò nínú báàfù kí ẹ tó sanwó, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kì í lè ka omi tí kò jìn bẹ́ẹ̀. Ẹ bá olùtajà dé etí Ẹlẹ́yẹlé, kí ẹ wọ ọkọ̀, kí ẹ ju okùn olókùúta sómi, kí ẹ wọn okùn náà, kí ẹ sì wo iye tí ẹ̀rọ sọ. Bí wọn kò bá jọra, ẹ dá ẹ̀rọ náà padà fún un níbẹ̀, kí owó yín sì wà lápò yín.