Ìwé tẹlifóònù ti kógbá wọlé: ta ló ń kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín sílẹ̀ báyìí?

Ìbéèrè kan la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tòní. Bí páìpù omi bá bẹ́ nínú ilé àjòjì kan ládùúgbò yín ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, tó sì jẹ́ pé ẹ̀yin ni póńbà tó mọṣẹ́ jù lágbègbè náà, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀?

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Àmọ́ láyé tá a wà yìí, àjòjì kì í fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò láti bèèrè mọ́. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ ló máa bi. Ẹni tí fóònù bá sì júwe fún un ló máa pè. Bí orúkọ yín ò bá sí níbẹ̀, ẹlòmíì tí iṣẹ́ rẹ̀ ò tó tiyín ló máa gba owó náà, ẹ ò sì ní í mọ̀ pé ohun kan bọ́ lọ́wọ́ yín.

Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀

Ìwé tẹlifóònù ló ń ṣe iṣẹ́ yìí nígbà kan. Ìlú New Haven ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ irú rẹ̀ jáde, lóṣù Kejì ọdún 1878. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni. Orúkọ bí 50 ló wà nínú ẹ̀, kò sì sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀, nítorí pé òṣìṣẹ́ tó ń so ìpè pọ̀ lẹ máa dárúkọ ẹni tẹ́ ẹ ń wá fún. Nígbà tó yá, wọ́n ń tẹ orúkọ àwọn èèyàn sórí ìwé funfun, wọ́n sì ń to àwọn oníṣẹ́ àti oníṣòwò sórí ìwé aláwọ̀ yẹ́lò, èyí tí wọ́n ń pè ní Yellow Pages.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú Brighton ni Yellow Pages ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1966. Lóṣù Kìíní ọdún 2019 ni wọ́n pín ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀ kẹ́yìn, Brighton yìí kan náà ni wọ́n sì parí rẹ̀ sí. Ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ ò torí ìyẹn kógbá sílé o. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló kó gbogbo ẹrù rẹ̀ lọ.

Ní Nàìjíríà níbí, ọwọ́ NITEL, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1985, ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀ á rántí ìwé ńlá náà lórí tábìlì ọ́fíìsì. Kí GSM tó dé lóṣù Kẹjọ ọdún 2001, gbogbo tẹlifóònù tó wà lórílẹ̀-èdè yìí ò tó mílíọ̀nù kan. Lónìí, láìnì tó ń ṣiṣẹ́ ti ju 100 mílíọ̀nù lọ dáadáa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Wáyà ni wọ́n ń fà wọ ilé kí tẹlifóònù ayé ìjọ́un tó lè dún. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ tó fa wáyà náà mọ orúkọ yín, ó mọ nọ́ńbà ilé yín, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Síìmù GSM ò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ bá ń lọ ló ń bá yín lọ, ọ̀rọ̀ àṣírí ara ẹni sì ni nọ́ńbà rẹ̀, àwọn tó ń tà á ò tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé kankan fún aráyé. Bí GSM ṣe gba ìgboro, akọ̀wé tó ń bá wa kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ti lọ nìyẹn. Nínú ìwé tuntun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin fúnra yín ni akọ̀wé.

Bẹ́ ẹ ò bá kọ ọ́, ẹlòmíì á bá yín kọ ọ́

Èyí tí àwọn èèyàn ń lò jù báyìí ni ti Google, tí wọ́n ń pè ní Google Business Profile láti ọdún 2021. Òun ló máa ń gbé orúkọ ṣọ́ọ̀bù, nọ́ńbà, wákàtí tí wọ́n ń ṣí àti ibi tó wà lórí máàpù jáde nígbà téèyàn bá tẹ "télọ̀ ní Bódìjà" sórí fóònù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ò mọ̀ ni pé ẹni tó kàn ń kọjá lọ lè dábàá pé kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù yín síbẹ̀. Ó lè ṣi orúkọ yín kọ. Ó tiẹ̀ lè sọ pé ẹ ti ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá olóúnjẹ kan kó kúrò ní Mọ́kọ́lá lọ sí Bódìjà, tí ẹnikẹ́ni ò sì tún un ṣe lórí máàpù. Oníbàárà tó fẹ́ gbé iṣẹ́ oúnjẹ ìnáwó fún un á wakọ̀ lọ sí Mọ́kọ́lá, á bá ilẹ̀kùn ní títì, á sì bínú padà. Àdírẹ́sì tí kì í ṣe òótọ́ burú ju kí àdírẹ́sì má sí rárá lọ, torí ó ń fowó oníbàárà ṣòfò, ó sì ń ba orúkọ yín jẹ́.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe

Àkọ́kọ́, ẹ wá orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín lórí Google kẹ́ ẹ tó dá tuntun sílẹ̀. Bẹ́ ẹ bá bá a níbẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ ni ín, kẹ́ ẹ sì gbà á. Bó bá di méjì, àwọn oníbàárà ò ní í mọ èwo ni ká tẹ̀ lé.

Ìkejì, ímeèlì tara yín ni kẹ́ ẹ fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ní kí ọmọ iṣẹ́ tàbí ọmọ tó wà ní ilé kọ̀ǹpútà bá àwọn ṣe é, tí ìyẹn á sì lo ímeèlì tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìjà bá dé, tàbí tí ọmọ náà bá rìnrìn àjò, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù yín wà.

Ìkẹta, orúkọ tó wà lára pátákó yín gan-an ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹ má ṣe fi "tó dáa jù ní Ìbàdàn" kún un, torí ó lòdì sí òfin Google, wọ́n sì lè tìtorí ẹ̀ yọ yín kúrò. Google á fẹ́ rí i dájú pé òótọ́ lẹ wà níbẹ̀. Nígbà míì, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ fi fóònù ya fídíò àdúgbò náà, pátákó yín àti irinṣẹ́ tẹ́ ẹ fi ń ṣiṣẹ́.

Ìkẹrin, bó bá jẹ́ inú ilé lẹ ti ń ṣiṣẹ́, tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa ń lọ bá oníbàárà, ẹ lè fi àdírẹ́sì ilé pamọ́, kẹ́ ẹ kọ àwọn àdúgbò tẹ́ ẹ ń dé nìkan. Bí títì yín ò bá sì ní orúkọ, tí ilé ò ní nọ́ńbà, ẹ tẹ ojú ibi tó wà lórí máàpù Google, kẹ́ ẹ di ìka mọ́ ọn. Ẹ máa rí àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní Plus Code. Ẹ lè fi í ránṣẹ́ bí àdírẹ́sì, á sì gbé oníbàárà dé ẹnu ọ̀nà yín.

Ìkarùn-ún, bẹ́ ẹ bá ní oníbàárà ní London tàbí Amẹ́ríkà, ẹ kọ nọ́ńbà yín pẹ̀lú +234, kẹ́ ẹ yọ òdo tó ṣáájú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra aṣọ òkè tàbí tó ń sanwó ìnáwó àwọn òbí wọn láti òkè òkun ò ní í yọnu láti ṣírò ìyẹn fúnra wọn.

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà bọ́ sọnù

Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀ fún ṣọ́ọ̀bù, kó jẹ́ orúkọ yín ni wọ́n fi forúkọ síìmù náà sílẹ̀. Òfin àjọ NCC ni pé bí láìnì kan ò bá ṣe ohunkóhun tó ń mówó wọlé, bí ìpè tàbí dátà, fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè dá a dúró. Bó bá tún lo oṣù mẹ́fà míì bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà náà lè bọ́ lọ́wọ́ yín, kí wọ́n sì tà á fún ẹlòmíì.

Ẹ wá rò ó wò. Gbogbo ẹni tó rí nọ́ńbà yín lára pátákó tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tuntun yẹn ni wọ́n máa pè. Bó bá jẹ́ ọmọlúàbí, á ní wọ́n ti ṣi nọ́ńbà pè. Bó bá jẹ́ gbájúẹ̀, owó àsansílẹ̀ ló máa gbà lórúkọ yín. Bó bá jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ò dáa, ẹ má ju síìmù nù. Láti ọdún 2013 la ti lè kó lọ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì míì pẹ̀lú nọ́ńbà wa.

Ìwé orúkọ èèyàn náà wà o. Truecaller, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Sweden lọ́dún 2009, ń fi orúkọ ẹni tó ń pè han ẹni tí wọ́n ń pè. Orúkọ tí àwọn ẹlòmíì fi pa nọ́ńbà yín mọ́ lè jẹ́ ohun tó máa jáde. Bó bá gbé "onígbèsè" jáde nígbà tẹ́ ẹ ń pe oníbàárà tuntun, ta ló máa gbé e? Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ tún un ṣe. Ẹ̀yin náà, ẹ má ṣe gbé nọ́ńbà oníbàárà yín síta. Òfin ìdáàbòbò ọ̀rọ̀ ara ẹni tọdún 2023 ò gbà á láyè láìsí ìdí tó bófin mu.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó máa pè yín pé àwọn wá láti Google, pé kẹ́ ẹ sanwó kí orúkọ yín má baà kúrò. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń kọ orúkọ síbẹ̀. Ẹni tẹ́ ẹ bẹ̀ níṣẹ́ pé kó bá yín ṣe é lè gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ò burú, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè ta ipò àkọ́kọ́ nínú èsì ọ̀fẹ́ Google fún yín.

A ò sọ pé kẹ́ ẹ yọ pátákó yín o, tàbí kẹ́ ẹ pa WhatsApp tì. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àmọ́ ẹni tó ti ní nọ́ńbà yín ló ń bá yín sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Àjòjì tí ò mọ̀ yín rí la ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Iṣẹ́ ilé tá a máa fún yín ò le. Lálẹ́ òní, ẹ yá fóònù ẹlòmíì, kẹ́ ẹ tẹ orúkọ iṣẹ́ yín àti àdúgbò yín sórí ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá rí ni àjòjì ń rí. Bẹ́ ẹ bá rí orúkọ yín, ẹ pe nọ́ńbà tó wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ gbọ́ ta ló máa gbé e. Bẹ́ ẹ ò bá rí i, ẹ ti mọ ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ọjà á tà o.